Òmùwẹ̀ etí òkun: Iṣẹ́ àwọn tí ń dóòlà ẹ̀mí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí

Òmùwẹ̀ etí òkun ni orúkọ tó bá iṣẹ́ wọn mu jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láífígáàdì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè wọ́n ní Èkó. Àwọn ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tó wá gbafẹ́ ní bíìṣì kí omi má baà gbé wọn lọ. Bí omi bá sì fẹ́ gbé ẹnì kan lọ, àwọn ni wọn yóò bọ́ sínú omi náà láti fà á jáde. Iṣẹ́ tí kò lárìyá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi àríyá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọjọ́ tó dára jù lọ fún òmùwẹ̀ ni ọjọ́ tí omi kò kan aṣọ rẹ̀ rárá.

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi há sáàárín ni Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Kí wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń wọ̀ dé Èkó. Ibẹ̀ jìnnà sí ariwo ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú Lẹ́kkí fi wà lára ibi tí ìjọba gbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ ní ọdún 1962, nígbà tí wọ́n fi òfin de ìrìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé ènìyàn lọ nígbà náà kí ó má baà rí ojú ayé ni àwọn ènìyàn ń sanwó ẹnu ọ̀nà láti wọ̀ lónìí. Bí ènìyàn bá kọjá Ajah, tó kọjá Sangotedo àti Awoyaya, tó sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún ní oríta Eleko, etí òkun ni yóò já sí. Níwájú sí i ni Akodo wà, níbi tí Eko Tourist Beach Resort wà, bẹ́ẹ̀ ni La Campagne Tropicana, èyí tí Ọ̀túnba Wanle Akinboboye dá sílẹ̀, wà ní Ikegun. Bí a bá sì padà sápá Èkó, a ó bá bíìṣì Elegushi àti ti Oniru tí àwọn ìdílé ọba ń bójú tó. Omi kan náà ló ń lu gbogbo wọn.

Omi yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ nílé ìtura. Ìgbì tó ń já sórí iyanrìn Eleko ti rìn jìnnà kó tó dé ibẹ̀. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń rán an wá, àárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù, nítorí ìgbà òtútù àti ìjì ni ó jẹ́ ní apá ibẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ojú ọjọ́ fi lè mọ́ kedere ní Èkó, kí atẹ́gùn má fẹ́, kí ìgbì sì ga ju ènìyàn lọ. Èyí ló ń tan àlejò jẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyanrìn ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú omi ni. Ẹni tí omi mù dé orúnkún lè gbé ẹsẹ̀ méjì sí i kí omi sì dé àyà rẹ̀. Nítorí náà ìgbì kì í rí ibi tí yóò ti rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí iyanrìn gan-an ló ti ń já lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ó lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀, kí orí onítọ̀hún fi gún ilẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbì tó ń bọ̀ ló ń gbé ènìyàn lọ jù, omi tó ń padà lọ ni. Bí ìgbì ṣe ń da omi sétí òkun léraléra, omi náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà. Ibi tí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi bá ti já, tàbí ibi tó jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, yóò sì máa ṣàn lọ sójú agbami bí odò kékeré kan nínú òkun. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ ta ko ìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹni tó gba wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìgbì kì í sábà já ní ojú ọ̀nà omi yìí. Ibi tí ara omi ti balẹ̀, tí kò ní ìfófòó, tí ìyá ọmọ yóò na ọwọ́ sí pé kí àwọn ọmọ òun lọ máa ṣeré, ibẹ̀ gan-an ni.

Ohun tí àwọn òmùwẹ̀ ń kọ́ni ni pé kí ẹni tí omi yìí bá mú má ṣe bá a jà. Omi náà kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀, iwájú ló ń gbé e lọ. Àárẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ tí wọ́n kú, nítorí wọ́n dojú kọ etí òkun tààrà, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ títí agbára fi tán. Kí ó dùbúlẹ̀ lórí omi, kí ó na ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i. Bí ó bá sì mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó gba ẹ̀gbẹ́, kí ó máa bá etí òkun lọ lọ́gbọọgba títí yóò fi kúrò nínú ìṣàn náà, kí ó tó wá kọjú sí ilẹ̀.

Yorùbá ní odò kì í gbé ẹni tí kò bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ odò. Ní etí òkun tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgbì kan lè tóbi ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí ó gòkè wá bá ẹni tó dúró lórí iyanrìn gbígbẹ tó ń ya fọ́tò, kí ó sì wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òmùwẹ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń fọn fèrè sí ẹni tí kò tíì wọ inú omi, tí onítọ̀hún yóò sì máa bínú pé kí ni òun ṣe.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí àlejò kankan tó dé. Òmùwẹ̀ yóò rin etí òkun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, yóò wo ibi tí omi ti ń padà lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé kì í dúró sójú kan. Ibi tí àwọn ọmọdé ṣeré ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè di ọ̀fìn lónìí. Lẹ́yìn náà ni yóò ri àsíá mọ́lẹ̀. Àsíá tó ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè, méjèèjì nínú àsíá kan, ni àmì ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Àárín méjì irú rẹ̀ ni kí ènìyàn ti lúwẹ̀ẹ́. Àsíá pupa nìkan túmọ̀ sí ewu. Pupa méjì lórí òpó kan túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú omi rárá. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti ń lo àwọn àmì yìí, Ọsirélíà sì ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú ètò iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn adóòlà ẹ̀mí sílẹ̀ ní bíìṣì Bondi ní ọdún 1907. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1938, ìgbì ńláńlá mẹ́ta kan tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, nǹkan bí igba ó lé àádọ́ta ènìyàn ni wọ́n sì ní láti fà jáde. Márùn-ún péré ló kú, nítorí pé àwọn adóòlà ẹ̀mí tó wà létí omi lọ́jọ́ náà pọ̀.

Irinṣẹ́ wọn kò pọ̀: fèrè, àsíá, okùn gígùn, pátákó tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé lórí omi, àti ọ̀pá rọ́bà tó ń léfòó tí wọ́n so mọ́ èjìká, èyí tí ẹni tó ń rì yóò dì mú dípò ọrùn òmùwẹ̀. Àwọn ibòmíì ní ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń sáré lórí omi. Àwọn ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé rọ́bà inú táyà àti okùn nìkan ni wọ́n ní. Bíìṣì tó lówó láti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé òdìkejì ọ̀sà yẹ kó lè ra ọ̀pá rọ́bà méjì.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún kan ní láti lọ bá ẹni tó tó bàbá rẹ̀, tí ọtí ti wà lójú rẹ̀, kí ó sì sọ fún un níwájú àwọn àlejò rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀ sí i." Èsì tí yóò gbọ́ lè jẹ́, "Ṣé bàbá ẹ ló ni òkun ni?" Bí ó bá dákẹ́, omi lè gbé bàbá náà, bí ó bá sì jiyàn, bàbá lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Àwọn aládùúrà tó ń wá wẹ̀ nínú òkun lóru tún ń bẹ, pẹ̀lú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tó máa ń wúwo lọ́rùn bí omi bá ti rin ín, ní wákàtí tí òmùwẹ̀ ti lọ sùn. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ kìíní ọdún àti ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bá parí ìdánwò àṣekágbá ni èrò máa ń pọ̀ jù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ojú kan lè máa ṣọ́ ọgọ́rùn-ún orí.

Ẹni tó ń rì kì í sábà kígbe. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òmùwẹ̀ tuntun, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn rí nínú fíìmù yàtọ̀ sí i. Ẹni tí omi ti wọ ẹnu rẹ̀ kò rí èémí fi kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣeé jù sókè, nítorí pé ó ń fi tẹ omi kí ẹnu rẹ̀ lè yọ. Yóò dúró lóòró bí ẹni tó ń gun àkàbà tí a kò rí, orí rẹ̀ yóò dà sẹ́yìn, irun yóò bo ojú rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá sí ọgọ́ta, yóò wọlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wà nítòsí kí wọ́n rò pé eré ló ń ṣe.

Òmùwẹ̀ tó bá rí i kì í kọ́kọ́ bẹ́ sómi. Bí ọ̀pá bá lè dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, ọ̀pá ni yóò nà sí i. Bí kò bá tó, yóò ju okùn tàbí ohun tó ń léfòó. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá ṣeé ṣe ni yóò wọ omi fúnra rẹ̀, ohun tó ń léfòó yóò sì wà láàárín wọn. Ẹni tó ń rì kò mọ ọ̀rẹ́ mọ́; yóò gun orí ẹni tó wá gbà á là kí òun lè mí. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti sọ, lára àwọn tó sì ń bómi lọ jù ni ọ̀rẹ́, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó bẹ́ sómi láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Bí a bá gbọ́ pé omi gbé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní bíìṣì, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lórí iyanrìn ni iṣẹ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kì í pẹ́ bàjẹ́ bí kò bá rí afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ti pọ̀ jù. Bí ẹni tí wọ́n fà jáde kò bá mí mọ́, èémí ló nílò kí ó tó nílò ohun mìíràn. Ìlànà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, kí wọ́n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ náà yóò yára tó ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbígbé ènìyàn dorí kodò kí omi lè dà jáde, títẹ ikùn rẹ̀, dída nǹkan sí i lẹ́nu, gbogbo èyí ń fi àkókò ṣòfò ni, ó sì lè mú kí èébì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kódà ẹni tó bá ta jí, tó ń rẹ́rìn-ín, gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí omi tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ sí i. Nọ́mbà 112 àti 767 ni wọ́n ń pè ní Èkó láìsanwó. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Akodo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ ọdún mọ̀ pé ọwọ́ òmùwẹ̀ ni ẹ̀mí onítọ̀hún wà fún ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ yìí ní ìbátan kan tí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí kò lè rí láéláé: àwọn aṣọ́kè yìnyín. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, àwọn ènìyàn máa ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́sẹ̀ láti yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí òjò dídì bò, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1938 ni Charles Minot Dole dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀ lórí òkè ní 1936, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì kú nínú eré ìje ní ọdún kan náà. Àwọn náà ń jí ṣáájú àlejò, wọ́n ń yẹ òkè wò, wọ́n ń fi ohun abúgbàù já òkìtì òjò dídì tó lè ya lulẹ̀, wọ́n ń fi okùn dí ọ̀nà tó léwu, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ fa ẹni tó ṣèṣe sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí òjò dídì bá bò mọ́lẹ̀, bí wọn kò bá wú u jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrètí ti ń tán. Kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá bíi Seun Adigun àti Simidele Adeagbo ti gbé àsíá wa dé ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang ní 2018. Ní Áfíríkà, Mòrókò àti Lesotho wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí irú ibi ìyọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ohun kan tó yẹ ká wò nínú ti wọn ni àṣẹ. Aṣọ́kè lè gba ìwé ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe wérewère, kí ó sì lé e sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì tì í lẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ bíìṣì wa, fèrè nìkan ni òmùwẹ̀ ní.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ àwọn abúlé apẹja tó wà létí òkun, tí wọ́n ti mọ omi láti kékeré. Ìmọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ìgbì kọjá lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, tàbí bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ mítà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, Àjọ Ààbò Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2011 ni ọ̀rọ̀ ààbò ní irú ibi báyìí wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Níbi tí wọ́n bá ti ń san owó òòjọ́, èrò ló ń pinnu iye òmùwẹ̀ tí wọ́n ń pè. Nígbà òjò tí èrò kò pọ̀, òmùwẹ̀ yóò dín kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ìgbì le jù, ìgbà náà sì ni àwọn ọmọ wà nínú ìsinmi gígùn.

Etí òkun náà kò sì dúró. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti fi òkúta kọ́ ògiri sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, láàárín 1908 sí 1912, ni iyanrìn tí omi ń kó láti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ wá sí ìlà oòrùn ti ń há sápá kan, tí òkun sì ń jẹ apá kejì. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ru wọ àwọn ahéré tó wà ní bíìṣì Kuramo, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Ìjọba wó ìyókù. Ní Òkun Alfa, lẹ́bàá Alpha Beach, omi ti gba ilẹ̀ àti ilé lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Wọ́n kó òkúta gbọọrọ wọ inú òkun ní apá ibẹ̀ láti dá a dúró. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, èbúté ńlá Lẹ́kkí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ní ògiri tirẹ̀ nínú omi. Iṣẹ́ ọ̀nà etí òkun láti Èkó sí Calabar tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 sì ti wó apá kan nínú Landmark Beach. Fún òmùwẹ̀, gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹ̀gbẹ́ òkúta bẹ́ẹ̀ ni omi apadà fẹ́ràn láti gbà, bí àlejò bá sì pàdánù bíìṣì kan, yóò wá òmíràn lọ, ìbáà jẹ́ èyí tí kò lólùṣọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti oṣù kejìlá 2024 pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 300,000 ènìyàn, ni omi pa lágbàáyé ní 2021, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ìdá mẹ́rin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Láti 2021 náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù keje sọ́tọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń kó ẹbí lọ sí Eleko tàbí Akodo lè béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó sanwó, iye òmùwẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti aago tí wọ́n ń ṣíwọ́.

Bí omi bá sì ti gbé ènìyàn tí wọn kò rí i, iṣẹ́ òmùwẹ̀ kò tíì parí. Ìlà oòrùn ni òkun Lẹ́kkí sábà máa ń wọ́ ohun tó bá gbé lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pe ọlọ́pàá tán, àwọn abúlé apẹja tó wà níwájú, lápá ìlà oòrùn, ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, pé kí àwọn tó bá ń gbé ọkọ̀ wọn jáde láàárọ̀ ọ̀la àti ọ̀túnla máa la ojú wọn sílẹ̀.